Iwin Tó Ń Sọ Èdè Ọ̀jọ́ ní Ilẹ̀ Kùsà

Kí n tó gbéra

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́, ṣùgbọ́n iwin ni wọ́n fi ń mọ̀ mí ní Okokomaiko. Bí àlejò bá wọ abúlé wa tó ní Jósáyà káfíńtà lòun ń wá, wọ́n á bi í pé, "Jósáyà wo? Ṣé Jósáyà Oníwin?" Ilé kan ní Ìbà ló bí orúkọ náà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni àjà ilé ọ̀hún máa ń kérora bí ẹni tó ń rọbí, títí tí onílé fi kó tìyàwó-tọmọ jáde. Wọ́n pè mí pé kí n wá tú òrùlé. Mo gun orí àjà, mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀, mo wá rí i pé igi tútù ni wọ́n fi kan òrùlé náà. Bí ọ̀sán bá yan án, tí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì fẹ́ sí i, igi á máa sunkún. Mo pààrọ̀ igi, onílé padà sílé, òkìkí mi sì kàn dé Ìjànìkín.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè mí. Mo ti lọ wo iwin tó jẹ́ òwìwí. Mo ti lọ wo èyí tó jẹ́ ọkọ ẹlòmíràn tó fi aṣọ funfun borí lọ sílé àlè. Mo sì ti dé ibi tí n kò rí nǹkan kan, tí ohùn náà kò sì dákẹ́. Mo sọ fún àwọn tó pè mí pé ó ju èmi lọ, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé iwin kò sí. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ lọ wò ó ná.

Èyí tó jìnnà jù nínú gbogbo rẹ̀, Ìyá Sùnmọ́nù ti Ọ̀jọ́ ló rán mi. Ẹ mọ̀ wọ́n, ìyá tó ń yan ẹja, tí ilé wọn kọjú sí ọ̀sà. Sùnmọ́nù ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí tó yè. Lẹ́yìn ogun àwọn òyìnbó, nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kùsà lókè Ọya, Sùnmọ́nù náà lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkùnrin kan tí òun àti Sùnmọ́nù jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ilẹ̀ ya lù ú nínú kòtò kùsà nígbà òjò, pé wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Wọ́n kírun òkú fún un láìsí òkú nílẹ̀, wọ́n ṣe sàráà, ọ̀rọ̀ sì dákẹ́. Àfi lọ́jọ́ ọyẹ́ kan tí oníṣòwò obì láti Àgége dé ọjà Ọ̀jọ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Búkúrù, ìlú kùsà lókè Ọya, dé, pé iwin kan wà ní ibùdó àwọn awakùsà tí wọ́n ti pa tì níbẹ̀, pé Yorùbá ni iwin náà ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá àwọn ará Ọ̀jọ́ ni.

Ìyá Sùnmọ́nù ránṣẹ́ sí mi. Mo bá wọn nídìí ààrò ẹja.

"Jósáyà, ṣé o ti gbọ́ ohun tí ará Àgége yẹn sọ?"

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

"Ta ló tún wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ ọmọ Ọ̀jọ́?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọjà ṣe máa ń rí."

Wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ lé èéfín kúrò lójú. "Bó bá jẹ́ pé ọmọ mi ò ríbi sùn, mo fẹ́ mọ̀. Bí kì í bá ṣe òun, mo fẹ́ mọ̀. Èyí tí ara mi ò lè gbà ni kí n jókòó síbí kí n máa yan ẹja, kí n má sì mọ̀."

N kò rí ọ̀nà tí mo fi lè kọ̀. Wọ́n di ẹja gbígbẹ fún mi. Wọ́n ní bí mo bá bá Sùnmọ́nù níbẹ̀, kí n gbé e síwájú rẹ̀.

Ojú ni mo fi ń ra oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí n fo ti ibùdókọ̀ rélùwéè Ìddó àti ìjà àyè ìjókòó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rélùwéè ni bí èdè ṣe ń tán lẹ́nu ènìyàn. Ní Ìbàdàn, èmi àti àwọn tó ń ta ẹ̀kọ ń bá ara wa ṣàwàdà. Ní Ọ̀fà, wọ́n ń fi bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a gun orí afárá Jẹ́bà, odò Ọya tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa, ó fẹ̀, ó pọ́n, kò sì kánjú. Èmi tí wọ́n bí sẹ́bàá ọ̀sà, tí mo rò pé mo mọ omi, mo yọrí wò ó títí ó fi tán. Láti ibẹ̀ lọ, ojú ni mo fi ń ra oúnjẹ. Màá na ọwọ́ sí nǹkan, wọ́n á gbé e fún mi, ìgbà tó bá dé ẹnu ni màá tó mọ ohun tó jẹ́.

Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Núpé ló jókòó tì mí. Mo ra ohun roboto kan, mo gé e jẹ bí àkàrà. Ó dà bí ìyẹ̀fun gbígbẹ lẹ́nu mi, ó fẹ́ há mi lọ́fun. Bàbá náà gbà á lọ́wọ́ mi wẹ́rẹ́, ó fọ́ ọ sínú igbá wàrà tirẹ̀, ó rò ó pọ̀. Ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀, ó sì gbé gbogbo ìyókù fún mi. Fúrá ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò tíì mu nǹkan tó tuni lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Títí a fi dé Kàdúná, òun kò gbọ́ èdè mi, èmi kò gbọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ bí oorun bá kùn ún, èmi ló ń fi ojú sọ́ ẹrù rẹ̀. Bó bá kun èmi, òun ló ń sọ́ tèmi. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí mi. Mo mọ̀ pé àdúrà ni. Mo ṣe àmín.

Nílé níbí, a máa ń sọ pé àwọn ará òkè Ọya kì í fẹ́ràn àjèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò tíì wọ rélùwéè.

Otútù Búkúrù

Otútù tó pàdé mi ní Búkúrù kì í ṣe ọyẹ́ tiwa tó kàn ń ha ètè. Ó wọ inú eegun. Èéfín ń jáde lẹ́nu tọkùnrin tobìnrin, mo rò pé gbogbo ìlú ló ń fa tábà. Àpáta gun orí àpáta níbẹ̀, bí ẹni pé ọmọdé kan tò wọ́n, tó sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Igbó kò sí. Ojú ń ríran jìnnà débi pé ó rẹ ojú mi. Níbi tí wọ́n ti wa kùsà tán, omi ti kún inú kòtò, omi tó mọ́ tó dúdú bí aró, tí ẹja kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ràfíù ni mo wọ̀ sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran, olórí àwọn oníṣòwò Yorùbá ibẹ̀. Wọ́n gbà mí bí ọmọ. Ìyàwó wọn da omi gbígbóná fún mi wẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ tó ta bí iná síwájú mi, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ibi tí mo ti wá, Bàbá Ràfíù bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá gbọ́ o!" wọ́n pe ará ilé wọn. "Ẹ wá gbọ́ bí àlejò wa ṣe ń sọ̀rọ̀! Bí iwin Àgọ́ Òfìfo yẹn ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyí!"

Kò sẹ́ni tó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wọn rọra gbé abọ́ ọbẹ̀ tì sí ìhà ọ̀dọ̀ mi, ó sún sẹ́yìn, mo sì rí i tó ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kanlẹ̀.

Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Àgọ́ Òfìfo ni àwọn Yorùbá Búkúrù ń pe ibùdó náà láti ìgbà tí kùsà ibẹ̀ ti tán, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ti tú ká. Ọ̀nà ọjà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ni ohùn náà máa ń dún. Obìnrin kan tó ru ẹrù sá nígbà tó gbọ́ ọ, ó ṣubú, ó dá lápá. Láti ìgbà náà, ọ̀nà yíyí ká tó jìnnà ni gbogbo wọn ń rìn.

"Ọ̀rọ̀ ti parí," Bàbá Ràfíù ní. "Bí ọjà tó ń bọ̀ yìí bá ti tú, a ó ti iná bọ koríko àti ilé ahoro ibẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iwin náà bá wà nílé. Ibi tí iwin ò bá ti rí òrùlé, kò ní dúró."

"Bàbá, ẹ ti fojú rí i?"

"Ta ló fẹ́ fojú rí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wò ó. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ rán mi nìyẹn."

"Ìwọ nìkan?"

"Àfi bí ẹ bá máa sìn mí."

"Bí mo bá jẹ́ ọmọ Ọ̀jọ́, ǹ bá sìn ọ́," wọ́n ní, wọ́n sì fún mi ní kóòtù wọn.

Àgọ́ Òfìfo

Mo débẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, nítorí bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: kí ojú kọ́kọ́ mọ ibi tí etí ń bọ̀ wá gbọ́ nǹkan. Ilé alámọ̀ kéékèèké tò lọ ní ìlà, òrùlé koríko wọn ti jìn sínú. Páànù kan ń gbá ara rẹ̀ mọ́ òpó bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́. Mo so ó mọ́lẹ̀ kó má baà tàn mí jẹ. Mo wá ihò òwìwí, n kò rí i. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn, ni kòtò ńlá náà wà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tó ya, ìdajì jẹ́ omi.

Ohun kan mú mi ronú. Gbogbo ilé ló ti di ahoro, ṣùgbọ́n iwájú ilé tó kẹ́yìn mọ́. Wọ́n gbá a. Mo wo inú ilé, mo rí ẹní kan tí wọ́n ká jọ, àti ìkòkò tí wọ́n dà bò. Àyà mi já ju bí ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn lọ. Iwin tó ń sunkún, mo ti rí i. Èyí tó ń gbálẹ̀, n kò tíì gbọ́ ọ rí.

Mo jókòó sẹ́yìn àpáta kan létí kòtò. Oòrùn wọ̀. Omi náà di pupa, ó di eérú. Otútù ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀ látilẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ, lódìkejì kòtò, ohùn tó lọ sókè tó sì fà:

"Sùnmọ́nù o! Omi ń kún o! Wálé wá jẹun!"

Ẹ̀yin ará ilé, irun ara mi dìde. Kò sí ọmọ tó dàgbà sétí ọ̀sà ní Ọ̀jọ́ tí ìyá rẹ̀ kò pè bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré nínú ọkọ̀ ojú omi tí ilẹ̀ sì ń ṣú. Bí ohùn ṣe ń lọ sókè lórí "o" kejì, bó ṣe ń wálẹ̀ wéré lórí "jẹun", kò sí ìyàtọ̀. Mo wà lórí àpáta ní ilẹ̀ tí kò sí ọ̀sà, mo sì tún di ọmọ kékeré. Ẹnu mi dáhùn kí n tó mọ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń dáhùn:

"Mò ń bọ̀ o!"

Nǹkan kan jábọ́ lódìkejì, ó fọ́. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìdáhùn lódìkejì omi

Mo di àpáta náà mú. Mo ń gbọ́ èémí ẹnì kan tó ń yára, mo sì rò pé èémí ara mi ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà padà wá, kò ga mọ́, ó ti di kékeré, ó ń gbọ̀n.

"Sùnmọ́nù?"

"Èmi kọ́," mo ní. "Jósáyà ni mí. Jósáyà ti Okokomaiko."

Mo rí òjìji kan tó dìde lẹ́bàá omi, ó tún jókòó.

"Òkú ni ìwọ?" ó bi mí.

"Rárá o. Ìwọ ńkọ́?"

Ó rò ó. "Èmi náà, rárá."

Bí a ṣe dúró nìyẹn, ẹni méjì tí ẹ̀rù ara wọn ń bà létí omi. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa. Mo rò pé òun ni. Ẹ̀rín náà di ẹkún, ó sun ún pẹ́, mo sì yí kòtò po lọ bá a. Obìnrin kan ni, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ó fi aṣọ nípọn borí, igbá fífọ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi ọkà tó dà sílẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni, ẹ̀yà Bẹ̀rọ́ọ̀mù. Kaneng ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Sùnmọ́nù ni.

A kò mọ̀ nílé pé Sùnmọ́nù gbéyàwó.

Yorùbá tó ń sọ yà mí lẹ́nu ju gbogbo ohun tí mo rí lókè Ọya. Ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ó ń fi Haúsá dí i. Ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀, bí ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́ja ṣe ń sọ ọ́ ló ń sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo ìgbéraga ojú omi. Kò mọ "ẹ" rárá. Ẹni kan ṣoṣo ló kọ́ ọ lédè wa, ẹni náà sì jẹ́ ọkọ rẹ̀. "Ìwọ" nìkan ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Ìwọ dáhùn," ó ń sọ ṣáá. "Mo ti ń pè láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ya. Kò dáhùn rí. Lónìí, ìwọ dáhùn. Mo rò pé mo ti kú."

Àlejò láàárín òkú

Ó mú mi lọ sí agbo ilé bàbá rẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń sun oje funfun ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká, ó ga jù mí lọ. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan kí n tó jẹun. Wọ́n gbé ọkà wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní acà wá, ó kéré bí iyanrìn etí òkun, wọ́n fi ewé àti ẹ̀pà sè é, ó gbóná, ó sì dùn. Bí mo ṣe ń jẹun, àwọn àgbà ọkùnrin jókòó tì mí láìsọ̀rọ̀, bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Mo tú ẹja Ìyá Sùnmọ́nù, mo gbé e síwájú Kaneng. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dì í mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

"Kí ló dé tó o ń pè é?" mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi. "Àwọn òkú ilẹ̀ yìí, bàbá wa, bàbá-ńlá wa ni. Wọn kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tó wà láyé, ó ní mi. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí ó wà láàárín wọn, ta ni yóò kí i? Ta ni yóò sọ fún un pé oúnjẹ ti jinná?"

"Ọ̀rọ̀ tó o fi ń pè é ńkọ́?"

"Òun ló kọ́ mi. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń pe òun nìyẹn. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ jìnnà tó, tí òun bá gbọ́ ọ, òun á wálé."

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Mo ti mọ ohun tí à ń pè ní àjèjì láti Jẹ́bà wá, mo sì ti ń ṣàánú ara mi nítorí pé n kò gbọ́ orúkọ oúnjẹ. N kò rò ó rí pé ènìyàn lè kú, kó sì tún jẹ́ àjèjì síbẹ̀, àti pé ẹnì kan lè máa ro ìyẹn lójoojúmọ́.

Ọmọbìnrin kan wá dúró lẹ́yìn Kaneng, ó yọjú wò mí. Iwájú orí yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ ti rí i lórí ìyá kan nídìí ààrò ẹja.

"Kí lorúkọ rẹ?" mo ní.

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. "Sàrátù. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́."

Sàrátù ni orúkọ Ìyá Sùnmọ́nù gan-an.

Mo wá rántí ọjọ́ ọjà. Ilé tó kẹ́yìn ní ibùdó náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ gbé. Inú rẹ̀ ló máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ bí òjò tàbí otútù bá pọ̀ jù. Mo sọ fún un ohun tí àwọn ará Búkúrù fẹ́ ṣe, àyà rẹ̀ já.

"Ṣé kí n sọ fún wọn pé ìwọ ni?"

"Sọ fún wọn. Mi ò fi pamọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi mí."

Bàbá rẹ̀ ní kí ó túmọ̀ ohun tí à ń sọ. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó ya ẹnu. Ó ní láti ọjọ́ yìí wá, àwọn ń rí i pé àwọn àlejò kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni a ń bù fún òkú.

Bàbá Ràfíù kò gbà mí gbọ́ àfi ìgbà tí mo mú wọn lọ fúnra wọn. Wọ́n gbọ́ ìpè náà, wọ́n rí ẹni tó ń pè. Wọ́n bọ́ fìlà. "Ọjọ́ mélòó kan sí i," wọ́n ní jẹ́ẹ́jẹ́, "iná ni à bá fi sun obìnrin yìí." Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó wọn ru abọ́ tánganran olódòdó wá fún Kaneng, ó kúnlẹ̀ kí i. Kaneng, tí kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ túmọ̀ sí, náà kúnlẹ̀. Wọ́n ń wo ojú ara wọn nílẹ̀ títí ẹ̀rín fi pa wọ́n.

Èsì tí mo mú wálé

Nígbà tí mo dé Ọ̀jọ́, n kò tíì jókòó tí Ìyá Sùnmọ́nù fi bi mí pé, "Òun ni?"

"Òun kọ́, Ìyá. Ènìyàn ni. Ìyàwó rẹ̀ ni."

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìpè náà, mo pè é bí mo ṣe gbọ́ ọ, ọwọ́ wọn sì lọ sẹ́nu. Wọ́n yíjú sí ọ̀sà.

"Ó sọ ọ́ fún un," wọ́n ní níkẹyìn. "Mo rò pé ó ti gbàgbé. Bí mo bá pè é nígbà yẹn, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́." Lẹ́yìn náà: "Ọmọ náà, ó rí bí ta?"

"Ó rí bíi yín. Sàrátù lorúkọ rẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹja sínú agbọ̀n. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí n padà gbé e lọ fún Kaneng ni? Wọ́n ní rárá, àwọn fúnra wọn ló ń lọ. Gbogbo ẹbí pé lé wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní, "Sàrátù, ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ibẹ̀ jìnnà."

"Rélùwéè ló fẹ́ rìn," wọ́n ní, "kì í ṣe ẹsẹ̀ mi."

Ìròyìn ilé

Mo sìn wọ́n lọ lẹ́yìn òjò. Kò sí ohun tó bà wọ́n lẹ́rù lọ́nà. Wọ́n bá gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ sọ èdè Ọ̀jọ́, wọ́n sì ń bínú bí wọn kò bá fèsì dáadáa. Mo ti kọ̀wé ṣáájú sí Bàbá Ràfíù; nígbà tí a sọ̀ ní Búkúrù, Kaneng àti ọmọ rẹ̀ ti ń dúró, ìyàwó Bàbá Ràfíù wà pẹ̀lú wọn. Kaneng tẹsẹ̀ síwájú, ó sì kí ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo Yorùbá tó ní.

"O ti dé? O kú ọ̀nà. Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

Ìyàwó Bàbá Ràfíù pariwo. "Yéè! 'Ẹ' ni wọ́n ń pè wọ́n! Ìyá ọkọ ẹ ni!"

Ìyá Sùnmọ́nù gbé ọwọ́ sókè. Omi ti lé sójú wọn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Bí Sùnmọ́nù ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo kẹ́ ẹ jù, kò pè mí ní 'ẹ' rí láyé rẹ̀." Wọ́n wá sọ fún Kaneng pé, "Tún un sọ."

Bí mo ti ń kọ èyí, wọn kò tíì padà wálé. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́hùn-ún nínú agbo ilé ọlọ́gbà ẹ̀gún yẹn, wọ́n ń bá àwọn ìyàwó ilé jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ọmọ náà ò kúrò lẹ́yìn wọn. Ẹbí ń bi mí léèrè ìgbà tí wọ́n máa dé. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni pé ara àwọn le.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a débẹ̀, gbogbo wa sìn wọ́n lọ sétí kòtò. Kaneng tẹ́ ẹní fún wọn, ó ń retí pé kí wọ́n pe ọmọ wọn bí àwọn tó ni ìpè. Wọn kò pè é. Wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tún aṣọ wọn dì nítorí otútù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un bí ẹni pé ó jókòó ní iwájú wọn. Wọ́n ní ilé Lámídì wó nínú òjò tó kọjá, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní Kàsúmù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbéyàwó, ìyàwó náà sì ya ọ̀lẹ. Wọ́n ní ẹja ọ̀sà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ń tún ọ̀nà Àgbádárìgì ṣe, pé mọ́sálásí ti ní òrùlé páànù. Wọ́n sọ ẹni tó kú, wọ́n sọ ẹni tó bímọ. Kaneng kò gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dúró, ó ń dáhùn pé "hẹn-ẹn", bí ìyàwó ilé rere. Sàrátù kékeré sùn lọ lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú. Mo nawọ́ láti gbé wọn dìde. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n sì wo omi náà.

"Ó dàárọ̀ o, Sùnmọ́nù," wọ́n ní. "Ìyókù di ọ̀la."